Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Àfihàn Idà àti Ìhámọ́ra Samurai Láì Ba Ohun Àtijọ́ Jẹ́

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń kó idà àti ìhámọ́ra samurai (àwọn jagunjagun Japan àtijọ́) jọ máa ń béèrè: "Ẹgbẹ́ wa ti gba gbọ̀ngàn fún ọjọ́ Sátidé àti Àìkú. Báwo la ṣe máa to ẹrù wa síbẹ̀?" Ìdáhùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ wọn nínú: ẹ dín ẹrù kù, kí ẹ sì lọ wo iná gbọ̀ngàn náà kí ẹ tó ronú kan ohunkóhun mìíràn. Idà tí iná kò bá lára dáadáa, irin gígùn lásán ni lójú ẹni tó ń wò ó, ì báà jẹ́ ọwọ́ àgbà alágbẹ̀dẹ ló ti wá.

Ẹgbẹ́ kékeré, èèyàn mẹ́ta sí mẹ́wàá, tó fẹ́ ya gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti hòtẹ́ẹ̀lì lò fún òpin ọ̀sẹ̀ kan ní UK tàbí Amẹ́ríkà la kọ èyí fún. Tí àfihàn yín bá máa pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ wá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kún un.

Òfin: ẹ yanjú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ ìwé ìpolongo

Ní UK, láti oṣù kẹrin ọdún 2008, idà títẹ̀ tí irin rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50 wà lára ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà, kó wọ̀lú, fi yáni tàbí fi tọrẹ. Ohun méjì ló yọ àwọn akójọ-idà sílẹ̀: idà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1954, àti èyí tí wọ́n fi ọwọ́ rọ ní ọ̀nà ìbílẹ̀. Ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ "fi yáni" yẹn. Tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá gbé ayédèrú tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́ ilé wá pé kí ẹ fi kún tábìlì, irú rẹ̀ gan-an ni òfin ń wá. Láti oṣù keje ọdún 2021, kódà kéèyàn ní in nílé ti di ọ̀ràn.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí gbígbé idà kiri, ìlú sì lè ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ bi àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀, kí ẹ sì gba èsì náà sórí ìwé. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ òfurufú lẹ fẹ́ bá lọ, inú ẹrù abẹ́ ọkọ̀ ni idà máa wà, ní dídì tí kò fi ní gé ẹni tó bá tú u wò.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín:

- ìwé tó ń fi ọjọ́ orí idà hàn (ìwé ẹ̀rí NBTHK, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo idà àtijọ́ ní Japan, ló dára jù, tí ó bá wà)
- lẹ́tà gbọ̀ngàn tó sọ pé wọ́n mọ̀ pé idà ń bọ̀
- àpótí tó ní àgádágodo fún idà kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà
- fọ́tò ohun kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gbogbo àléébù tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀
- inṣọ́ránsì tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹrù kúrò nílé olówó rẹ̀ títí tó fi padà síbẹ̀. Ti ilé kì í sábà kan ẹrù tó ti jáde síta.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó máa gba ẹnu ibodè: eyín erin àti èèpo ìjàpá òkun máa ń wà lára ohun ọ̀ṣọ́ èèkù idà. Bó ti wù kó pẹ́ tó, kò gbọ́dọ̀ kọjá ibodè láìsí ìwé CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹrù tàbí kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé náà.

Ẹrù mélòó ni kí ẹ gbé wá?

Fún gbọ̀ngàn tó tó mítà 10 ní mítà 8: idà mẹ́fà sí mẹ́jọ, ìhámọ́ra méjì, tsuba (irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín èèkù àti irin idà) bíi méjìlá. Ó ti tó. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ní idà 30 máa bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá wọlé, mẹ́sàn-án kò rí irú idà yìí rí; tí ẹ bá tò ó bí ọjà, wọ́n á rìn kọjá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn ò sì ní rántí ọ̀kan ṣoṣo.

Àpótí gíláàsì kan, idà kan: irin rẹ̀ ní ìhòòhò, kí gbogbo aṣọ rẹ̀, ìyẹn àkọ̀, èèkù àti tsuba tí wọ́n ń pè ní koshirae lápapọ̀, wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Irin katana (idà gígùn samurai), tí ẹ bá fi nakago (ìdí irin tó máa ń wọ inú èèkù) kún un, máa ń sún mọ́ mítà kan. Inú àpótí yín gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120, 130 ló rọrùn jù. Ẹ wọn inú rẹ̀, kì í ṣe ìta.

Iná: ibi tí ẹ ti máa lo àkókò jù

Ohun tí àwọn èèyàn wá wò lára irin idà ni hamon, ìlà funfun tó ń rìn bí ìgbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú idà. Ibẹ̀ ni irin ti le jù, nítorí alágbẹ̀dẹ ti fi amọ̀ nípọn bo ẹ̀yìn idà, ó fi díẹ̀ sí ojú rẹ̀, ó mú un gbóná, ó wá tì í bọ omi. Ẹyọ irin tín-tìn-tín tó wà níbẹ̀ ló ń tú ìmọ́lẹ̀ ká tó fi ń funfun. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti gbogbo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ti iná ọ̀pá funfun orí àjà, gbogbo irin náà á di eérú lójú. Orísun kan ṣoṣo, tó kéré, tó sì lágbára, ni hamon ń fẹ́.

1. Ẹ lọ sí gbọ̀ngàn náà ní déédéé wákàtí tí àfihàn máa wáyé. Ẹ wo ibi tí oòrùn máa gba wọlé ní agogo 10 àti ní agogo 3. Ibi tí oòrùn bá dé, ìhámọ́ra kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.
2. Ẹ béèrè bóyá iná àjà ṣeé pa ní apá kan. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú àwọn ọ̀pá tó wà lókè àpótí idà. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ na aṣọ dúdú sí òkè àpótí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìjàǹbá iná níbẹ̀.
3. Fún idà kọ̀ọ̀kan, ẹ ra gílóòbù LED kan tí ìtànṣán rẹ̀ tóóró (digirí 10 sí 15), tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín 2700 àti 3000 K, tí CRI rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fi àwọ̀ ohun hàn bó ṣe rí gan-an) kò dín ní 90.
4. Ẹ gbé e sókè, síwájú idà, kí ìmọ́lẹ̀ balẹ̀ sórí irin kó sì padà sójú ẹni tó dúró níwájú. Ẹ yí ìdúró irin náà díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn tàbí síwájú títí hamon á fi yọ.
5. Kí ẹni gíga kan àti ẹni kúkúrú kan dúró wò ó, kí wọ́n sì máa rìn láti òsì dé ọ̀tún. Kò sí ibi kan tí gbogbo rẹ̀ ti hàn lẹ́ẹ̀kan. Bí èèyàn ṣe ń rìn ló ń yọ. Ẹ fi téèpù sàmì sí ilẹ̀ níbi tó ti hàn jù.
6. Ẹ fi aṣọ dúdú tàbí eérú tí kò dán sẹ́yìn irin. Aṣọ funfun máa ń tàn sára irin, hamon á sì pòórá.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbí: wọ́n á gbé iná sẹ́yìn gíláàsì tàbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òǹwòran á wá rí ojú ara rẹ̀ dípò idà. Ẹ tan gbogbo iná pa pọ̀ kí ẹ tó sọ pé ó ti tán, nítorí iná àpótí tó kọjú sí tiyín náà máa ń hàn nínú gíláàsì yín.

Irin kò bẹ̀rù iná. Òwú ṣẹ́dà tí wọ́n fi hun ìhámọ́ra ló ń bẹ̀rù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀dà urushi tí wọ́n fi oje igi ṣe. Fún àwọn wọ̀nyí, 50 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára nǹkan) ni kí ẹ fojú sun, ẹ má sì jẹ́ kí ó kọjá 100. Ìbàjẹ́ iná kì í padà sẹ́yìn, ó sì ń kóra jọ: wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ fún ọjọ́ méjì ní 50 lux jẹ́ 800 (lux lọ́nà iye wákàtí), ní 300 lux, ó di 4,800. Ẹ̀rọ tó ń wọn lux kò wọ́n, ẹ rà á. Nítorí náà, ẹ má fi idà àti ìhámọ́ra sábẹ́ iná kan náà. Òǹwòran tó bá dúró níbi òkùnkùn díẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ojú rẹ̀ á ti mọ́ ọn lára, 50 lux á sì tó o. Royal Armouries, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun ìjà ní Leeds, tó ni ìhámọ́ra tí Tokugawa Hidetada, olórí ogun tó ń ṣàkóso Japan, fi ránṣẹ́ sí Ọba James Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1613, àti ilé àkójọ Barbier-Mueller ní Dallas dára láti lọ wò kí ẹ tó ra gílóòbù kankan. Ẹ wo òkè, ẹ wo ibi tí iná ti ń wá, kí ẹ tó wo ohun tó wà nínú àpótí.

Àpótí gíláàsì

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń kan àpótí fúnra wọn. Kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi kàn án lè máa jẹ irin láti inú wá. Pákó MDF àti igi óákù máa ń tú afẹ́fẹ́ kíkan jáde, òjé ló sì ń tètè jẹ jù. Irun àgùntàn àti rọ́bà ní imí ọjọ́ nínú. Fàdákà tó bá wà nítòsí wọn á dúdú. Ọ̀dà tuntun náà ń tú òórùn jáde fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ẹ lò:

- Perspex (ike tó mọ́ bíi gíláàsì), gíláàsì, àlúmíníọ̀mù tàbí irin tí ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ pátápátá
- aṣọ òwú tí kò ní àwọ̀ tó ń ṣí, tí ẹ ti fọ̀ láìlo ohun afọṣọ olóòórùn. Tó bá jẹ́ àrán, kó jẹ́ ti òwú tàbí pọliẹ́sítà
- fóòmù polyethylene, kì í ṣe fóòmù tìmùtìmù

Ẹ má lò:

- aṣọ onírun àgùntàn tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì bíliádì
- téèpù tó ń lẹ̀, níbikíbi tó lè kan ohun àtijọ́
- pákó tuntun tí ẹ kò bò. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà, ẹ fi bébà tó ní àlúmíníọ̀mù nínú bò ó kí ẹ tó tẹ́ aṣọ lé e.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wá kù. Irin ń fẹ́ ibi gbígbẹ. Urushi àti igi ń fẹ́ ọ̀rinrin. Tí méjèèjì bá jọ wà nínú àpótí kan, 50% ni àdéhùn tó dára. Ẹ̀rọ amúlégbóná nígbà òtútù lè fa ọ̀rinrin gbọ̀ngàn wálẹ̀ sí 30% tàbí kó dín sí i, ohun tí ọyẹ́ sì máa ń ṣe sí ètè wa lórí ilẹ̀ Yorùbá ló máa ṣe sí àkọ̀ onígi àti àṣíborí: wọ́n á là. Ẹ fi silica gel (èso wẹ́wẹ́ tó ń fa ọ̀rinrin mu tó sì ń tú u jáde) tí wọ́n ti mú bá 50% mu sábẹ́ ilẹ̀ àpótí tó ní ihò. Nǹkan bíi kìlò 20 sí mítà kúbíìkì kan ni òṣùwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àpótí tó gùn ní 130, tó fẹ̀ ní 40, tó sì ga ní 40 sẹ̀ǹtímítà ń fẹ́ bíi kìlò mẹ́rin. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ní igun tí ẹ ti lè kà á láìṣí ìlẹ̀kùn.

Ẹrù tó bá ti inú ọkọ̀ tútù wọ gbọ̀ngàn gbígbóná, ẹ má ṣí i. Ẹ fi sínú àpótí rẹ̀ ní títì fún wákàtí 24. Tí ẹ bá ṣí i lójú ẹsẹ̀, ìrì á sẹ̀ sára irin, ìpẹtà lè ti yọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Gbígbé irin idà sínú àpótí

Èèyàn méjì ni kí ó ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má ba wọn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n má sọ̀rọ̀ sórí irin náà pẹ̀lú: itọ́ tó bá ta sí i ń di ìpẹtà.

1. Ẹ bọ́ òrùka, aago àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹ yọ káàdì tó ń fì lọ́rùn. Ẹ fọ ọwọ́, kí ó gbẹ.
2. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú méjì léra lórí tábìlì tó gùn tó mítà kan àtààbọ̀.
3. Ẹ kọ ojú idà sókè nínú àkọ̀. Ẹ fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, láìyí i, kí ẹ̀yìn irin nìkan máa yọ̀ lórí igi àkọ̀. Tí ẹ bá yí i, irin á ha, á sì gé àkọ̀ láti inú.
4. Ẹ fi òòlù kékeré tó ní ẹnu bàbà ti mekugi jáde. Èèkàn ọparun ni, ó sì máa ń jáde láti apá kan ṣoṣo: apá tó kéré ni kí ẹ ti tì í.
5. Ẹ fi ọwọ́ òsì di ìdí èèkù mú, kí irin dúró lóòró, kó fara tì sí èjìká díẹ̀. Ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún lu ọrùn ọwọ́ òsì jẹ́jẹ́. Nakago á tú fúnra rẹ̀. Tí kò bá tú lẹ́yìn bíi ìgbà mẹ́fà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi idà náà hàn pẹ̀lú èèkù rẹ̀. Ẹ má fi òòlù lù ú.
6. Ẹ yọ tsuba àti àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí i ká ní títẹ̀lé, kí ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe jáde. Ẹ yọ habaki, bàbà tó di ìdí irin mú, ní ìkẹyìn. Ẹ fi mekugi sínú àpò kékeré tí ẹ kọ nọ́ńbà idà náà sí. Òun ló máa ń sọnù jù.
7. Ẹ ká tíṣù rírọ̀ tí kò ní òórùn lé ẹ̀yìn irin, kí ojú idà kọ síta kúrò ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹ nu òróró àtijọ́ kúrò láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, lẹ́ẹ̀kan, láìpadà sẹ́yìn. Ẹ lo tíṣù tuntun.
8. Tí òróró bá ti di gọ́ọ̀mù, ẹ fi spírítì tí kò ní omi nínú sí tíṣù díẹ̀. Uchiko, àtíkè òkúta tí gbogbo ènìyàn ń rí nínú fíìmù, ẹ fi í sílé. Òkúta ni, ó ń ha irin. Dídán idà lọ́wọ́ ọ̀gá máa ń náni lówó púpọ̀, irin sì ń dín kù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un dán.
9. Ẹ gbé irin lé ìdúró Perspex méjì tí ẹ fi òwú bò lẹ́nu: ọ̀kan lábẹ́ nakago, èkejì ní bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta sí ṣóńṣó. Ẹ fi okùn ìpẹja tín-ín-rín tí kò ní àwọ̀ so nakago mọ́ ìdúró rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sá kiri, ilẹ̀ onípákó sì ń mì.
10. Ẹ tì í. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni kan ṣoṣo.

Ẹ má fọwọ́ kan ìpẹtà tó wà lára nakago, ẹ má sì fọ̀ ọ́. Àwọ̀ rẹ̀ àti orúkọ tí wọ́n fín síbẹ̀ ni ẹ̀rí ọjọ́ orí idà. Nakago tí wọ́n ti fi sáńpéèpà pa dán, ìdá ńlá nínú iye owó rẹ̀ ti lọ, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà.

*Ibo ni ojú idà máa kọ sí?* Katana àti wakizashi (idà kúkúrú): ojú sókè, nakago (tàbí èèkù) sí ọwọ́ òsì òǹwòran. Tachi, tí wọ́n máa ń fi okùn so kọ́ ìbàdí: ojú sísàlẹ̀, nakago sí òsì bákan náà. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn, òun náà sì ni apá tí orúkọ alágbẹ̀dẹ sábà máa ń wà. Ẹni tó bá gbé tachi ní ojú sókè, àwọn tó mọ̀ á ti rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Àkọ̀ àti èèkù tó wà nísàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lófo. Ẹ fi tsunagi, irin àfarawé onígi, sínú wọn kí wọ́n lè dúró papọ̀. Irin gidi máa ń ní àkọ̀ funfun onígi honoki tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní shirasaya. Inú rẹ̀ ló máa padà sí ní alẹ́.

Ìhámọ́ra

Ibí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìbàjẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ àwa fúnra wa ló sì ń ṣe é, kì í ṣe ti àlejò. Odidi ìhámọ́ra lè wọn kìlò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, okùn ṣẹ́dà ọgọ́rùn-ún méjì ọdún ló sì di gbogbo rẹ̀ mú.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fa okùn kan níbi tí kò hàn, pẹ̀lú ìka kan, jẹ́jẹ́. Tí àtíkè àwọ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, okùn náà ti kú. Ẹ fi àṣíborí àti ìbòjú nìkan hàn, kí àyà ìhámọ́ra wà nínú àpótí rẹ̀. Àṣíborí kan tó dúró dáadáa sàn ju odidi ìhámọ́ra tó ń já lọ.

Tó bá ṣì lágbára, bí a ṣe ń tò ó nìyí:

1. Ẹ gbé yoroi-bitsu, àpótí ìhámọ́ra náà, sílẹ̀ kí ó jẹ́ ìjókòó, tí igi rẹ̀ bá ṣì le. Tí kò bá le, ẹ ṣe àpótí mìíràn, kí ẹ gbé ti àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́.
2. Ẹ fi fóòmù polyethylene tí ẹ fi òwú bò kún èjìká ìdúró títí ó fi fẹ̀ tó èjìká èèyàn. Ìdúró onígi àtijọ́ tó dà bí àgbélébùú máa ń ti èjìká ìhámọ́ra láti ibi méjì péré, okùn á sì já níbẹ̀.
3. Ẹ so haidate (ìbòtan) mọ́ ìbàdí ìdúró. Ẹ fi bébà tí kò ní kíkan kún suneate (ìbo-ojúgun) kí ó lè dúró.
4. Ẹ gbé kote, apá ìhámọ́ra, kọ́. Abẹ́ àyà ló ń wà, nítorí náà òun ló ń ṣáájú.
5. Èèyàn méjì ni kí ó gbé dō, àyà ìhámọ́ra, láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n má di okùn èjìká mú rárá. Ẹ rí i pé àwọn ewé tó ń rọ̀ sísàlẹ̀ wà láìkọ́ ara wọn.
6. Sode, ìbo-èjìká, ló tẹ̀lé e. Ẹ so okùn wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fà á le. Ẹ fi okùn òwú tuntun gbé ìwọ̀n wọn lẹ́yìn.
7. Ìbòjú. Ẹ má fi okùn rẹ̀ àtijọ́ so ó. Ẹ ṣe orí fóòmù fún un.
8. Àṣíborí ní ìkẹyìn. Ẹ di igbá orí rẹ̀ mú ní ọ̀tún àti òsì. Ẹ má di maedate, àmì tó yọ níwájú, mú láé: igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi wúrà pa lójú ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó gbé àṣíborí, kí ẹ fi í padà tí gbogbo nǹkan bá ti dúró.

Ìbọ̀wọ́ nitrile, irú èyí tín-ín-rín tí àwọn dókítà ń lò, ni kí ẹ lò fún gbogbo èyí. Ìbọ̀wọ́ òwú máa ń kọ́ sí ẹnu irin àti okùn, ó sì ń yọ̀ lórí urushi.

Ìhámọ́ra tí kò sí nínú gíláàsì ń fẹ́ okùn ìdènà tó jìnnà sí i ní mítà kan àtààbọ̀, àti ẹ̀ṣọ́ kan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mítà kan kò tó. Ẹni tó bá na ọwọ́ láti fi han ọmọ rẹ̀ á kan ìbo-èjìká. Ẹ má gbé idà gidi sí ẹsẹ̀ ìhámọ́ra tí kò sí nínú gíláàsì, bó ti wù kó wuyì tó nínú fọ́tò.

Tsuba àti ohun wẹ́wẹ́

Ẹ mú tsuba ní etí nìkan. Àwọ̀ dúdú tó wà lára shakudō, bàbà tí wọ́n fi wúrà díẹ̀ sí, jẹ́ awọ tín-ín-rín tí wọ́n fi oògùn gbé jáde. Àmì ìka á dúró síbẹ̀ títí ayé, ohun ìpabàbà á sì bó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ tẹ̀ wọ́n sẹ́yìn ní digirí bíi 30, kí iná máa wá láti ẹ̀gbẹ́ kan kí ohun tí wọ́n gbẹ́ sí i lè ní òjìji. Ẹ fi gíláàsì tó ń sọ ohun kékeré di ńlá kan sí ẹnu àpótí, ẹ fi okùn so ó mọ́lẹ̀.

Káàdì àlàyé

Kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 60 lọ, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀: irú idà, alágbẹ̀dẹ tàbí ilé iṣẹ́, àkókò, gígùn irin, àti ohun kan ṣoṣo tí òǹwòran lè fojú rí. "Ẹ wo bí ìlà funfun ṣe ń ga tó sì ń lọ sílẹ̀ nítòsí ṣóńṣó" sàn ju ìlà mẹ́wàá orúkọ Japan lọ.

Orúkọ tí wọ́n fín sára idà àti ẹni tó ṣe é lè yàtọ̀ síra. Orúkọ èké pọ̀, àgàgà ti àwọn tó lókìkí. Tí kò bá sí ìwé ẹ̀rí, ẹ kọ "orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni…" Ẹ má kọ "iṣẹ́ ọwọ́…" Bẹ́ẹ̀ náà ni ìhámọ́ra: ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti ara mẹ́ta mẹ́rin kó jọ. Ẹ sọ ọ́. Idà ológun tí ẹ̀rọ ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì lè wà nínú àfihàn, ṣùgbọ́n àpótí tirẹ̀ àti káàdì tirẹ̀ ni kó ní.

Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn èèyàn di idà mú

Tábìlì ìfọwọ́kàn ló ń fa èrò jù lọ, òun náà ló sì léwu jù. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Àlejò yín á tẹ èèkù, nítorí náà ẹ múra.

- Idà kan lórí tábìlì, kì í ṣe èyí tó dára jù. Katana tí dídán rẹ̀ ti gbó díẹ̀ ló yẹ.
- Ẹ yẹ mekugi wò ní gbogbo wákàtí. Tó bá ń yọ jáde, ẹ gbé idà náà kúrò, nítorí òun nìkan ló ń dá irin dúró nínú èèkù.
- Ẹni kan ló ń wò ó lẹ́ẹ̀kan, ní ìjókòó, lókè aṣọ. Ẹ̀ṣọ́ kan jókòó kọjú sí i.
- Bí a ṣe ń fà á léni lọ́wọ́: irin lóòró, ojú idà kọ sí ẹni tó ń fúnni, kí ẹni tó ń gbà á di èèkù mú nísàlẹ̀ ọwọ́ ẹni tó ń fúnni. Ẹni àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi tí ẹnì kejì bá sọ pé "ó ti wà lọ́wọ́ mi."
- Ìka kò kan irin. Ẹ nu ún, kí ẹ fi òróró sí i lẹ́yìn gbogbo ẹni márùn-ún.
- Kò sí ọmọdé, kò sí ẹni tó ti mutí.

Tí inṣọ́ránsì bá kọ̀, ẹ fi tsuba irin lásán àti ègé okùn ṣẹ́dà tuntun sórí tábìlì dípò rẹ̀. Ìwọ̀n tsuba lọ́wọ́ nìkan máa ń ya èèyàn lẹ́nu.

Àṣìṣe tí a máa ń rí jù

- Òróró tó pọ̀ lára irin tó wà nínú àpótí: eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, hamon á ṣókùnkùn.
- Àpótí tó ga jù. Kí àárín irin wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 100 sí ilẹ̀, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè rí i.
- Fíláàṣì kámẹ́rà. Kò pa irin lára, ṣùgbọ́n ó ń ba ìran jẹ́ fún àwọn yòókù. Ẹ kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà.
- Títo ẹrù ní òwúrọ̀ ọjọ́ àfihàn. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni, pẹ̀lú ẹni tó máa sùn síbẹ̀ tàbí ilẹ̀kùn tó ní aago ìdágìrì.

Títú palẹ̀

Àkókò yìí ni idà máa ń bọ́ lulẹ̀, nítorí ó ti rẹ gbogbo ènìyàn, ọkọ̀ sì ń dúró. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò kí ẹ tó ṣí àpótí kankan. Idà ló ṣáájú, lọ́kọ̀ọ̀kan. A kì í bẹ̀rẹ̀ èkejì títí àkọ́kọ́ á fi wà nínú àpótí títì. Ìhámọ́ra tẹ̀lé e, láti òkè wá sísàlẹ̀. Gílóòbù àti aṣọ ló kẹ́yìn.

Fún irin kọ̀ọ̀kan: ẹ nu ún, ẹ wò ó lábẹ́ iná fún àmì ìka, ẹ fi òróró chōji (tí wọ́n fi kànáfùrù díẹ̀ sí) tàbí òróró camellia sí i, kí ó tín-ín-rín débi pé kò ní kán. Habaki padà, shirasaya padà, mekugi padà, ẹ fi àmì sí ìwé àkọsílẹ̀ níwájú olówó rẹ̀. Ẹ fi fọ́tò tí ẹ ti yà ṣáájú wé e, kí òun náà fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó mú idà wá pé kí wọ́n fà á yọ, kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Àmì ìka tí ojú kò rí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú á ti pọ́n nígbà náà, ó sì ṣeé ṣe kí spírítì àti tíṣù ṣì lè mú un kúrò. Tó bá kọjá oṣù kan, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dán idà ló kù kí ó lọ.